Bọ́ọ̀dù wíìngì-fọ́ìlì kékeré: ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ bọ́ sórí ẹ̀, lítà mélòó lẹ sì máa rà?

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan ò ní bi mí ní ìbéèrè yìí. Bí kì í bá ṣe àbúrò kan ní Tanke tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, á jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan láti Òmù-Àrán tí iṣẹ́ gbé lọ sí Lẹ́kí, tàbí ọmọ ìlú wa kan tó wà nílùú òyìnbó, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Mo ti mọ̀ ọ́n gùn báyìí, bọ́ọ̀dù tí mo fi kọ́ ọ ti tóbi jù fún mi, lítà mélòó ni kí n rà?" Mo ti dáhùn ẹ̀ lórí fóònù títí ó fi sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo ẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, wíìngì-fọ́ìlì ni eré orí omi tí èèyàn ti ń gun bọ́ọ̀dù: wíìngì ni apá aláṣọ tá a ń dì mú lọ́wọ́ láti gba afẹ́fẹ́, fọ́ìlì ni apá tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù nínú omi, òun ló ń gbé bọ́ọ̀dù sókè kúrò lójú omi tó bá ti ń sáré, ìyẹn la ń pè ní gbígbéra.

Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ láti òkè dé ilẹ̀ nìyí: ẹ má ra bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dáa jù lọ, ẹ rà á fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá já yín sílẹ̀ láàárín omi. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, mo sì mọ̀ pé a fẹ́ràn ká fi agbára ṣe nǹkan, àmọ́ omi ò ṣeé bá jà. Ìṣirò la fi ń bá a lò.

## Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò

Bọ́ọ̀dù ńlá kì í ṣe ìtìjú o. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń fi í kọ́ èèyàn, ó máa ń gbé yín léfòó nígbà tí ẹ ò lọ rárá, ẹ lè kúnlẹ̀ lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ sinmi, ẹ lè dìde dúró kẹ́ ẹ máa wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré ò ní ṣe gbogbo ìyẹn fún yín. Ohun tó máa ṣe ni pé tẹ́ ẹ bá ti gbéra kúrò lójú omi, ó máa fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ yín, á tètè yà tẹ́ ẹ bá ní kó yà, imú ẹ̀ ò ní máa gbá omi kiri, afẹ́fẹ́ ò sì ní máa rí i tì.

Ẹ fi òótọ́ inú dáhùn àwọn nǹkan yìí:

- Tẹ́ ẹ bá gbìyànjú láti gbéra lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣé ó ń bọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, lápá ọ̀tún àti lápá òsì?
- Ṣé ẹ lè yí padà kẹ́ ẹ máa bọ̀ láì jẹ́ kí bọ́ọ̀dù kan omi, ó kéré tán lápá kan?
- Ṣé ẹ lè gun afẹ́fẹ́ padà sí ibi tẹ́ ẹ ti wọ omi, láì fẹsẹ̀ rìn padà létí omi?
- Tí bọ́ọ̀dù bá já lulẹ̀, ṣé ẹ lè gbà á padà sókè kẹ́ ẹ tó ṣubú?
- Ṣé ẹ ti ń gbéra láti orí eékún, wíìngì lókè orí, láì kọ́kọ́ dìde dúró ṣinṣin?

Tó bá jẹ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ ti tó. Tó bá jẹ́ méjì péré, ẹ lo bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ní fún oṣù méjì sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í dùn mọ́ni, àmọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù, torí pé gbogbo bọ́ọ̀dù kékeré, orí eékún lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè sá fún un.

## Ìṣirò lítà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ní àṣìṣe

Ohun tí wọ́n máa ń kọ sára bọ́ọ̀dù ni lítà. Lítà yẹn ló ń sọ ẹrù tí omi lè gbé: bọ́ọ̀dù 100 lítà, tẹ́ ẹ bá rì í sínú omi odò pátápátá, ó máa gbé 100 kílò. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á kàn mú kílò ara wọn, wọ́n á ní "mo wọn 78, jẹ́ kí n ra 80 lítà, á gbé mi." Kò ní gbé yín o. Bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ń kọ́? Fọ́ìlì ń kọ́? Ẹ̀wù amúniléfòó àti aṣọ tó ti mu omi ń kọ́?

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ gun òṣùwọ̀n lónìí. Kì í ṣe kílò tẹ́ ẹ wọn lọ́dún tó kọjá, kì í sì í ṣe èyí tẹ́ ẹ wọn kí Iléyá tó dé.
2. Ẹ fi kílò bọ́ọ̀dù kún un. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín 5 sí 8.
3. Ẹ fi fọ́ìlì kún un, pẹ̀lú másìtì, ìyẹn òpó tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Kílò 4 sí 5 ni ẹ sábà máa rí. (Tí fọ́ìlì bá wà lábẹ́ omi kì í wúwo tó bó ṣe wúwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ kà á lódindi, èyí tó bá ṣẹ́kù á jẹ́ èrè yín.)
4. Ẹ fi kílò 2 kún un fún ẹ̀wù, hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti omi tó wà lára aṣọ.
5. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú lítà bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ohun tó bá kù, òun ni mò ń pè ní àjẹṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó wọn kílò 78. Bọ́ọ̀dù ẹ̀ 6, fọ́ìlì ẹ̀ 4 àtààbọ̀, ẹ̀wù 2. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 90 àtààbọ̀. Tó bá wà lórí bọ́ọ̀dù 110 lítà, àjẹṣẹ́kù ẹ̀ lé ní 19, ó lè dìde dúró kó máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tó bá bọ́ sórí 95, àjẹṣẹ́kù ẹ̀ ku 4 àtààbọ̀, omi á máa kọjá lórí bọ́ọ̀dù ṣùgbọ́n tó bá kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́ ó máa gbé e. Tó bá bọ́ sórí 80, ó ti jẹ gbèsè kílò 10 àtààbọ̀, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀dù máa rì lábẹ́ ẹ̀ títí omi á fi mù ún dé itan tàbí ìbàdí, wíìngì nìkan ló lè fà á yọ. Ṣé ẹ rí i pé 80 lítà tí ẹni tó wọn 78 rò pé á gbé òun, kò gbé e rárá.

Àǹtí kan tó wọn 55 ńkọ́? Bọ́ọ̀dù tó kéré fún un á fúyẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní 5 àtààbọ̀, fọ́ìlì 4, ẹ̀wù 2, gbogbo ẹ̀ 66 àtààbọ̀. Bọ́ọ̀dù 80 lítà yẹn kan náà, tó ń rì lábẹ́ bọ̀dá tó wọn 78, àjẹṣẹ́kù ẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí yìí ju 13 lọ, bọ́ọ̀dù ńlá ló jẹ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kì í dáhùn ẹni tó bá bi mí pé "80 lítà ńkọ́, ṣé ó dáa?" àfi tó bá sọ kílò ara ẹ̀ fún mi.

Ọ̀nà tí mo gbà pín in:

- Àjẹṣẹ́kù 15 sókè: bọ́ọ̀dù ìkọ́ṣẹ́.
- Àjẹṣẹ́kù láàárín 0 sí 10: bọ́ọ̀dù kejì yín, òun ló yẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí.
- Gbèsè 5 sí 20: bọ́ọ̀dù kẹta, fún ẹni tí afẹ́fẹ́ tó dúró ṣinṣin wà ládùúgbò ẹ̀, tó sì ti gun bọ́ọ̀dù kejì dáadáa.

Ẹ má fò ju 15 sí 20 lítà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá fi 120 sílẹ̀ tó lọ ra 75 nítorí pé ó rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń gun ìgbì nínú fídíò, oṣù mẹ́ta ló máa lò ó, a máa rí bọ́ọ̀dù yẹn lọ́jà padà.

### Omi odò àti omi òkun ò gbé ẹrù bákan náà

Èyí kan àwa ará Kwara gan-an, ẹ fara balẹ̀ kà á. Iyọ̀ tó wà nínú omi òkun ń jẹ́ kó wúwo ju omi odò lọ ní nǹkan bí ìdá méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bọ́ọ̀dù 95 lítà tó ń gbé kílò 95 lórí omi odò, lórí òkun ó máa gbé ju 97 lọ. Kílò méjì péré lẹ máa pè é, àmọ́ ẹni tí àjẹṣẹ́kù ẹ̀ jẹ́ 3 tàbí 4, kílò méjì yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín kó kúnlẹ̀ sinmi àti kó máa lúwẹ̀ẹ́.

Gbogbo omi tó wà ní Kwara, omi odò ni. Ọ̀sà Èkó fúnra ẹ̀, lásìkò òjò iyọ̀ inú ẹ̀ máa ń dínkù torí omi odò tó ń ya wọ̀ ọ́, tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀ iyọ̀ á tún pọ̀ sí i. Torí náà tẹ́ ẹ bá dán bọ́ọ̀dù kan wò lójú òkun tó gbé yín dáadáa, kó má yà yín lẹ́nu tó bá rì díẹ̀ sí i nígbà tẹ́ ẹ gbé e lọ sórí odò. Ẹ fi lítà 3 kún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà tó bá jẹ́ omi odò lẹ máa lò ó jù.

## Afẹ́fẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń gùn

Lítà nìkan ò tó. Ẹni méjì lè wọn kílò kan náà, kí wọ́n mọ̀ ọ́n gùn bákan náà, kí bọ́ọ̀dù tó yẹ wọ́n má dọ́gba rárá, nítorí afẹ́fẹ́.

Lójú òkun, afẹ́fẹ́ tó ń wá láti ojú omi máa ń dúró, ó máa ń fẹ́ bó ṣe ń fẹ́. Tẹ́ ẹ bá wọ inú ilẹ̀ wá, igi, òkè àti ilé á máa gé e sí wẹ́wẹ́, á fẹ́ gbúù, á dákẹ́, á tún fẹ́ gbúù. Bọ́ọ̀dù kékeré kórìíra dídákẹ́ yẹn. Bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè kílò 10 nílò afẹ́fẹ́ tó dúró, bíi nọ́ọ̀tì 15 sókè (nọ́ọ̀tì la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tó), pẹ̀lú wíìngì tó tó, kó tó lè fà yín yọ.

Mo máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù Kẹjọ ni, mo kúrò n'Ílọrin láago mẹ́rin ìdájí, mo gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, mo dé Èkó ọ̀sán ti pọ́n, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa lójú ọ̀sà, nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 18. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bọ́ọ̀dù 70 lítà, ó ní kí n gbé e gùn. Kílò 80 ni mo wọn nígbà yẹn. Fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú mo gbádùn ẹ̀, inú mi ń dùn, mo ń lọ mo ń bọ̀. Ìgbà tó yá ni ìkùukùu kan bo oòrùn, afẹ́fẹ́ sì dáwọ́ dúró bí ìgbà tí wọ́n pa fáànù. Bọ́ọ̀dù rì lábẹ́ mi títí omi fi mù mí dé ìbàdí. Mo gbìyànjú kí n kúnlẹ̀, ó yí dànù. Mo dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀ pé kí n máa fọwọ́ wa omi, imú ẹ̀ rì, fọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ sì ń dá mi dúró bí ìdákọ̀ró, wíìngì sì tún wà lọ́wọ́ kan. Ìṣàn omi ń gbé mi lọ sápá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Ó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ kí bàbá apẹja kan tó ń kó àwọ̀n ẹ̀ tó rí mi, ó wa ọkọ̀ ẹ̀ wá, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ẹ má gbìyànjú àtiwọlé, ẹ máa dojú ẹ̀ dé." Bó ṣe wọ́ mi dé etí omi nìyẹn. Ọlọ́run bá mi san án fún bàbá náà. Ká ní bọ́ọ̀dù 95 mi ni mo gbé lọ, mi ò bá kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀, mi ò bá fọwọ́ wa ara mi dé ilé.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó yan lítà:

1. Ẹ rántí ìgbà mẹ́wàá tẹ́ ẹ jáde lọ gùn gbẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí.
2. Mélòó ni afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó parí?
3. Tó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ gbèsè rárá. Ẹ dúró síbi tí àjẹṣẹ́kù yín wà ní 5 sí 10.
4. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí kò sí rárá, ẹ lè lọ sí 0, bó bá pẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ wá bọ́ sí gbèsè.

Nǹkan méjì fún àwọn tó ń gbé ilé níbí. Àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ tó máa ń ṣáájú òjò, pàápàá nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, tó máa ń gbé páànù ilé fò, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí a fi ń gun nǹkan. Ó máa ń yí ojú padà lójijì, mànàmáná sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ojú ọ̀run ṣú, ẹ jáde nínú omi. Èkejì, adágún Àṣà ni wọ́n ti ń fa omi tí Ìlọrin ń mu, ẹ má kàn gbé bọ́ọ̀dù lọ síbẹ̀ láì gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó o. Bákan náà ni Jẹ́bà, níbi tí wọ́n ti dí odò Ọya láti fi ṣe iná mànàmáná, ibi tí omi ti ń wọlé sí ẹ̀rọ kò ṣeé sún mọ́.

## Gígùn àti fífẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Tẹ́ ẹ bá ti mú lítà, gígùn àti fífẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀. Fún ẹni tó wọn 75 sí 80, bọ́ọ̀dù ìkọ́ṣẹ́ á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, á fẹ̀ tó ínǹṣì 28 sí 30, èyí tó tẹ̀ lé e á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti díẹ̀, á fẹ̀ tó ínǹṣì 26. Fífẹ̀ ló ń mú kó má yí sí ẹ̀gbẹ́, gígùn ló ń mú kí imú ẹ̀ má rì. Tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀dù méjì tí lítà wọn dọ́gba, tí ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ, èyí tó fẹ̀ ló máa rọ̀ yín lọ́rùn lórí eékún.

Irú kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, ìyẹn èyí tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7 ní gígùn, ínǹṣì 19 sí 22 ní fífẹ̀. Láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn ló ti gbòde. Ó máa ń sáré lójú omi bí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, torí náà afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló nílò kó tó gbéra. Tí afẹ́fẹ́ ibi tẹ́ ẹ wà bá ń ṣe ségesège, lójú tèmi, òun ló dáa jù, kẹ́ ẹ mú èyí tí àjẹṣẹ́kù ẹ̀ ṣì wà ní nǹkan bíi 5. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ó máa ń yí sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ yín tẹ́ ẹ bá dúró sójú kan, ẹ sì nílò sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kó tó mọ́ yín lára.

## Ẹ má pààrọ̀ nǹkan méjì lọ́jọ́ kan

Tẹ́ ẹ bá ra bọ́ọ̀dù tuntun, ẹ fi fọ́ìlì tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Fọ́ìlì tí apá iwájú ẹ̀ tóbi, bíi 1,500 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, máa ń tètè gbéra, ìyẹn gan-an sì lẹ nílò nígbà tí bọ́ọ̀dù ò bá gbé yín léfòó mọ́. Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀dù kékeré pẹ̀lú fọ́ìlì kékeré lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò bá gbéra, kò ní mọ èwo nínú wọn ló fà á. Tó bá di oṣù mélòó kan, tí bọ́ọ̀dù ti mọ́ yín lára, ẹ wá lè bọ́ sórí apá iwájú 1,000 sí 1,200.

Wíìngì náà: ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ń fi wíìngì mítà onígun mẹ́rin 5 gbéra lórí bọ́ọ̀dù ńlá, ẹ lè nílò 6 lórí èyí tó kéré, títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí sí ìṣirò owó yín kí bọ́ọ̀dù má lọ jẹ gbogbo owó tán.

## Tókunbọ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kẹ́ ẹ rà á lójú fọ́tò. Bọ́ọ̀dù kejì mi, ẹni tó tà á fún mi ní kílò 5 àtààbọ̀ ló wọn, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí mo gbé e dé ilé, ó ń wúwo lọ́wọ́ mi, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ alápatà kan ní Ìpàtà tó ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé nǹkan kọ́, a fi okùn dè é, a gbé e kọ́: kílò 7 ó lé díẹ̀. Mo tú sìkúrù kékeré tó wà lórí ẹ̀, mo dojú ẹ̀ kọlẹ̀ sára ògiri, títí di ọjọ́ kejì omi ń kán síbẹ̀ tó, tó, tó. Inú bọ́ọ̀dù ti mu omi látinú ibi tó ti sán nítòsí ojú irin tí wọ́n ń de fọ́ìlì mọ́.

Ẹ mú àwọn nǹkan yìí lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á:

1. Òṣùwọ̀n. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ fi wé kílò tí ilé iṣẹ́ kọ.
2. Ìka yín. Ẹ tẹ gbogbo ojú bọ́ọ̀dù, pàápàá ibi tí gìgísẹ̀ máa ń wà. Ibi tó bá rọ̀ tàbí tó ń dún kọ̀ǹkọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀, ó ti bó nínú.
3. Iná fóònù. Ẹ tan án sí ojú irin fọ́ìlì lábẹ́, ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó sán. Ìsán kékeré bí irun orí, ibẹ̀ lomi ń gbà.
4. Fọ́ìlì yín. Ẹ gbé e lọ kẹ́ ẹ dè é mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló ní ojú irin méjì tó jìnnà síra ní mílímítà 90, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀, bóòtù tí wọ́n fi ń dè é náà sì máa ń yàtọ̀.
5. Sìkúrù afẹ́fẹ́. Ẹ bèèrè ibi tó wà, ẹ rí i pé ó ń tú, ó sì ń dé.

Sìkúrù yẹn ò ṣeé fojú kéré níbí tí a wà yìí. Inú bọ́ọ̀dù tó le, fóòmù àti afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, tí ooru bá mú un, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fẹ̀, tí kò bá rí ibi jáde á ti ojú bọ́ọ̀dù sókè. Ẹ mọ bí oòrùn Ìlọrin ṣe máa ń rí ní oṣù Kẹta, ẹ gbé bọ́ọ̀dù aláwọ̀ dúdú sínú mọ́tò tí gíláàsì ẹ̀ wà ní títì, ẹ lọ kírun Jímọ̀, kẹ́ ẹ tó padà dé ojú ẹ̀ lè ti wú bíi púfù-púfù. Ẹ tú sìkúrù náà tẹ́ ẹ bá ń gbé e rìn, ẹ fi aṣọ funfun bò ó, ẹ má sì gbàgbé kẹ́ ẹ dé e padà kó tó wọ omi. Èmi, mo máa ń so òwú pupa mọ́ okùn ẹsẹ̀ mi nígbà tí sìkúrù bá wà ní títú, mi ò ní lè de okùn yẹn láì rí òwú náà.

## Ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí ẹ̀

1. Ẹ yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ fi nọ́ọ̀tì 2 tàbí 3 ju èyí tẹ́ ẹ máa ń lò lọ, tó ń fẹ́ bọ̀ sápá ilẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀. Tó bá ń fẹ́ kúrò nílẹ̀ lọ sójú agbami, ẹ padà sílé.
2. Ẹ fi ẹ̀wù amúniléfòó àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì sára, ẹ de okùn bọ́ọ̀dù àti okùn wíìngì. Etí fọ́ìlì mú bí ọ̀bẹ, lórí bọ́ọ̀dù kékeré ẹ sì máa ṣubú sún mọ́ ọn.
3. Ẹ de fọ́ìlì sí àárín ojú irin. Tí imú bọ́ọ̀dù bá ń fò sókè jù, ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń fi gbogbo agbára tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kó tó gbéra, ẹ sún un síwájú. Sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́ẹ̀kan.
4. Ẹ wọ omi títí fọ́ìlì ò fi ní kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀dù dábùú afẹ́fẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ sí àárín ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bá a jà. Ẹ jẹ́ kó rì, kí imú ẹ̀ ṣáà ga díẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ.
5. Ẹ gbé wíìngì sókè orí kẹ́ ẹ jẹ́ kó gba ìwúwo yín. Ẹ máa rí i tí bọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ omi, lẹ́yìn náà á yọjú.
6. Ẹ dúró lórí eékún títí ó fi sáré. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń kọ́kọ́ gbé tẹ́lẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ gbé, ẹ má wo ilẹ̀, ẹ wo iwájú.
7. Ẹ má kọjá ibi tẹ́ ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ padà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà sí etí omi, fún gbogbo ọjọ́ yẹn.

Tó bá sú yín lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ bọ́ síta kẹ́ ẹ mu omi. Bọ́ọ̀dù tó ń rì máa ń gba agbára lọ́nà tí èyí tó ń léfòó kì í gbà.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

- Wọ́n á ta bọ́ọ̀dù ńlá lọ́jọ́ tí wọ́n ra kékeré. Ẹ má tíì tà á. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá tó nǹkan, òun lẹ máa gùn, òun náà lẹ sì máa fi kọ́ ìyàwó tàbí àbúrò yín.
- Wọ́n á fi gígùn rà á. "Bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ bàtà 5 ni mo fẹ́." Lítà ńkọ́?
- Wọ́n á rà á nítorí pé ọ̀rẹ́ wọn ní irú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín wọn 62, ẹ̀yin wọn 85.
- Wọ́n á gbé e lọ sínú omi láwọn nìkan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan jókòó sétí omi tó mọ ẹni tó máa pè.

## Tí owó ò bá tíì tó

Ẹ yá ti ọ̀rẹ́ kẹ́ ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ wọn yàtọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ò tó láti mọ nǹkan kan. Tàbí kẹ́ ẹ́ fi bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ní ṣe ìdánrawò: láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má dìde dúró lórí ẹ̀ kó tó gbéra, orí eékún ni kẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fi wíìngì tó fi ìwọ̀n kan kéré sí tàtẹ̀yìnwá gùn ún. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn fún oṣù kan, ìdajì iṣẹ́ ti parí kó tó náwó.

Bọ́ọ̀dù onípáńpù náà wà, tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kì í le lẹ́sẹ̀ bíi ti fóòmù, ó máa ń rọ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kó gbéra, ṣùgbọ́n ẹ lè ká a sínú báàgì, kẹ́ ẹ gbé e sínú búùtù bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin dé Èkó láì bẹ dírẹ́bà, kò sì ní sìkúrù tó ń fi ooru ṣẹ̀rù bani. Ẹ kàn yọ atẹ́gùn ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sínú oòrùn, kẹ́ ẹ padà fi páńpù kún un létí omi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n bá yín ṣe ìṣirò ẹ̀, ẹ fi nǹkan mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi: kílò ara yín, lítà bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ní báyìí, ibi tẹ́ ẹ ti ń gùn, àti iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ já yín sílẹ̀ nínú mẹ́wàá tó kẹ́yìn.